Ìtàkùn Àdùfẹ́ àti Kẹ́tù Bàbá

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé filodẹ́ńdírọ́ọ̀nù, ìtàkùn tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò nínú ilé, kì í kú. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nìyẹn níbi iṣẹ́ wa, ní ọsibítù kan ní Joliet, nítòsí Ṣikágò: "Sìmíátù, ọmọdé pàápàá lè tọ́jú ẹ." Ọmọdé lè tọ́jú ẹ. Èmi tí mo ti ń tọ́jú aláìsàn láti ọdún 1977, tí mo ń yí àgbàlagbà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà bó, ìtàkùn inú ìkòkò kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè ní ọdún 1986.

Kì í ṣe tèmi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àdùfẹ́ ló ni ín, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dé Ṣikágò, tí a jọ sùn sórí mátírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo fún ọdún méjì. Òun ló rà á nígbà tí ewé rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ó ní ewé náà jọ ewé iṣu, ó ń rán òun létí oko bàbá òun. Nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí n máa gbé ìkòkò náà lọ. "Ọjọ́ tí Ìbíyínká bá ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó gbé e dání." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ìbíyínká, ọmọ rẹ̀, nígbà náà. Àdùfẹ́ kú, bàbá ọmọ fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Richton Park, ìyàwó sì kó gbogbo ẹrù Àdùfẹ́ dà nù, àtaṣọ àti fọ́tò. Ìtàkùn yìí nìkan ló kù tí ọmọ náà lè fọwọ́ kàn tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ọdún méje ni mo fi tọ́jú ẹ, ó fà títí ó fi yí fèrèsé pálọ̀ wa ní Park Forest ká.

Ní oṣù kẹrin, Mùstàfá ọkọ mi mú bàbá rẹ̀ wá láti Ṣakí. Ní oṣù karùn-ún, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó yẹ kí n ti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, àmọ́ ọkàn mi kò lọ síbẹ̀.

Mo ní bóyá oòrùn ni kò tó. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé. Mo ní bóyá oòrùn ti pọ̀ jù; mo gbé e kúrò. Mo ki ìka bọ erùpẹ̀, ó tutù rinrin. Mo dáwọ́ omi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, erùpẹ̀ ṣì tutù rinrin. Ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí? Mo pààrọ̀ ìkòkò. Mo fẹ̀sùn kan Mùstàfá, ó búra. Mo tiẹ̀ pe ọkùnrin tó ń tún ilé ṣe, mo ní àjà wa ń jò. Ó gun àkàbà, ó fọwọ́ pa àjà títí, ó wo ojú mi, ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe wò mí yẹn ṣì ń bí mi nínú di òní.

Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n ń wo gbogbo wa. "Ìyàwó mi, ara ohun ọ̀gbìn yìí kò yá," ni wọ́n wí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ìbíyínká wá gbé e, ni ọ̀gá wa dá mi padà sílé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, torí a ti pọ̀ jù ní ṣíìfù. Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán. Síǹkì balùwẹ̀ ga jù fún ẹsẹ̀ wọn, nítorí náà pálọ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe é, pẹ̀lú abọ́ kan àti kẹ́tù oníke tí wọ́n gbé wá láti ilé. Wọ́n dìde, wọ́n gbé kẹ́tù, wọ́n sì rọra da gbogbo omi tó kù nínú rẹ̀ sídìí ìtàkùn Àdùfẹ́, ètè wọn ń mì. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, láti oṣù kẹrin. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń da omi sí i ni?"

"Lójoojúmọ́," ni wọ́n dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo rí i pé ẹ̀yin kì í fún un lómi tó."

"Ẹ ti pa á, Bàbá."

Ìyàwó ilé kì í bá bàbá ọkọ sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Mo sì tún un sọ.

Nígbà tí mo fà á yọ, gbòǹgbò ti dúdú, ó ti rọ̀, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ tí wọ́n gbàgbé. Mo ń sunkún, mo ń gé. Mo wá ibi tí ara rẹ̀ ṣì le, mo gé e nísàlẹ̀ oríkèé, torí oríkèé ni ẹ̀ka tuntun ti ń yọ. Ẹni tó bá fi ewé nìkan sómi, yóò dúró títí. Márùn-ún péré ni mo rí gé. Mo kó wọn sínú ìgò jáàmù, mo bu omi sí i. Bàbá dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n bi mí pé ta ló ni ín. Mo sọ ọ́ fún wọn, láti orí mátírẹ́ẹ̀sì dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Láti ọjọ́ tí Ìyá Mùstàfá ti kú," ni wọ́n wá wí, "mo máa ń pọn omi kún àmù lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ṣakí láràárọ̀, kí ẹni tó ń kọjá lọ mu, kí láádá rẹ̀, èrè lọ́dọ̀ Ọlọ́run, jẹ́ ti Ìyá Mùstàfá. Mo dé ibí, n kò rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá. Kò sẹ́ni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìtàkùn yìí nìkan ni mo rí fún lómi."

Inú ń bí mi, n kò sì tún rí ẹni tí màá bínú sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yẹ ìgò wò bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Mẹ́rin jẹrà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ló yọ gbòǹgbò, kò gùn ju èékánná lọ. Ewé méjì ló ní.

Ìbíyínká dé lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò bàbá rẹ̀ kún fún ẹrù. Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ bí àwọn ọmọ ibí ti ń ṣe, ojú rẹ̀ sì lọ sí fèrèsé. "Àǹtí, ìtàkùn Mọ́mì ńkọ́?" Mo gbé ìgò jáàmù fún un. Ó wò ó. "Èyí nìkan?"

Bàbá ló dìde, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Wọ́n ṣí fìlà. "Ọmọ mi, èmi ni mo fi omi pa ti ìyá rẹ. Àǹtí rẹ kò jẹ̀bi. Dárí jì mí."

Orúnkún méjèèjì ni ọmọ náà fi kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò mọ ohun tí yóò fi ìgò ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Kí lorúkọ ìyá rẹ?" ni Bàbá bi í, bí ẹni pé n kò tíì sọ fún wọn.

"Àdùfẹ́."

Orí itan ni Ìbíyínká gbé ìgò náà lé nínú mọ́tò. Inú ṣì ń bí mi, n kò ní purọ́: ọdún méje, ewé méjì. Bàbá kì í da omi sínú ìkòkò mọ́. Ìdí igi ńlá kan lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń gbé kẹ́tù lọ, ìyẹn kò lè fi omi kú. Mo máa ń gbọ́ wọn láti fèrèsé ìdáná. Mo ti sọ fún wọn pé Kìrìsítẹ́nì ni Àdùfẹ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti dárúkọ ìyàwó wọn tán, wọ́n a tún da omi sí i, wọ́n a ní, "Ti Àdùfẹ́ nìyí."