Bí Èmi àti Ọmọ Mi Ṣe Tú Álúbọ́ọ̀mù Ṣọ̀ún Palẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú èmi àti ọmọ mi rí nítorí iṣẹ́ ilé-ìwé. Aránṣọ ni mí, ní àdúgbò Koko, ní ìlú Bouaké lẹ́yìn odi níbí. Mo mọ aṣọ gé, mo sì mọ̀ ọ́n rán. Ṣùgbọ́n álúbọ́ọ̀mù? Ta ló kọ́ mi?

Ràfíátù, àkọ́bí mi, wà ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, olùkọ́ wọn ní kí kálukú mú ọba ayé àtijọ́ kan, kó kó àwòrán àti ìtàn rẹ̀ jọ, kó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, kó sì wá ṣàlàyé níwájú kíláàsì lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ Baoulé tó ni ìlú yìí sáré mú ayaba àtijọ́ tó kó ìran wọn wá tẹ̀dó síbí. Ọmọ mi ní Ṣọ̀ún àkọ́kọ́ lòun máa mú, ẹni tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, torí ibẹ̀ ni bàbá mi àgbà ti wá.

Ni ọmọkùnrin kan bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé àwọn Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, náà ní ọba ni? Òun rò pé ọjà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n tà! Gbogbo kíláàsì bá a rẹ́rìn-ín.

Ràfíátù délé, kò jẹun. Ó ní òun á pààrọ̀ ọba. Ayaba Baoulé lòun náà máa ṣe, kí wọ́n yé fi òun ṣẹ̀sín.

Ṣé kí n parọ́ fún yín? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ayaba wọn ò ṣẹ̀ mí o, ilẹ̀ wọn la wà, ẹ̀kọ́ sì ni ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mi sá fún orúkọ ìlú rẹ̀ nítorí ẹ̀rín? Láéláé!

Mo ní, "Ṣọ̀ún lo mú, Ṣọ̀ún la ó ṣe. Bí mi ò tiẹ̀ ní rán aṣọ kankan lọ́sẹ̀ yìí."

Mo ra ìwé líle, mo ra kọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan. A lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán jáde látorí kọ̀ǹpútà, a ní kí wọ́n wá Ṣọ̀ún fún wa. Wọ́n tẹ ọba mẹ́rin jáde, adé ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn! A lẹ gbogbo wọn, mo fi léèsì ṣe etí ìwé náà. Nígbà tó fi di Jímọ̀, a ti parí. Àní mo ń fi han àwọn oníbàárà!

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ní ká gbé e lọ fún Alájì Bùsárì kí wọ́n ṣàdúà sí i. Bàbá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn sí, Gánà ni wọ́n ti ṣòwò kí wọ́n tó wá síbí.

Bàbá ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

"Ta nìyí?"

"Ṣọ̀ún àkọ́kọ́ ni, Bàbá," Ràfíátù dáhùn.

"Rárá o! Nígbà tí Ṣọ̀ún, ọdẹ yẹn, jọba, ta ló ní kámẹ́rà? Ìṣojú mi ni èyí tí ẹ lẹ̀ yìí gorí ìtẹ́, kì í sì í ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Ọba ìlú onílùú ni ẹ gbé wá fún wa!"

Hàà! Ojú tì mí. Bàbá yẹ ojú ewé yòókù wò, ìkankan kì í ṣe Ṣọ̀ún. Ọjọ́ Ajé sì ti dé tán! Ràfíátù bú sẹ́kún, ó ní òun kúkú ti sọ pé ká pààrọ̀ ọba.

Alájì ní kó nu ojú. "Jókòó, ọmọ mi. N ò ní àwòrán, ṣùgbọ́n mo ní ẹnu."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: bí ọdẹ náà ṣe tẹ̀dó sábẹ́ igi àjàgbọn, bí ọ̀ràn ṣe gbé e dé Ọ̀yọ́, tí wọ́n fi í sí àtìmọ́lé, bí ó ṣe ní kí Aláàfin jẹ́ kí òun lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, bí ó ṣe fi ọfà pa á, tó gbé orí rẹ̀ wá. Aláàfin wá ní kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣe ọ̀hún, ìyẹn ni pé kó máa ṣàkóso níbi tó tẹ̀dó sí. "Ṣe ọ̀hún" yẹn ló di Ṣọ̀ún. Ràfíátù tí kì í fẹ́ sọ Yorùbá níta ló ń béèrè pé kí ló tún ṣẹlẹ̀!

A délé, mo tú álúbọ́ọ̀mù palẹ̀. Gbogbo rẹ̀! Mo ti ṣọ́ọ̀bù, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé la fi ṣe igi àjàgbọn, a fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ìwé. A ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀, ó di ọfà. Orí bébà tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ ni Ràfíátù ya ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí. Orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ńkọ́? Mi ò fẹ́ kó dẹ́rù ba àwọn ọmọ ọlọ́mọ! A rán aṣọ pupa bí ilẹ̀kùn. Bí o bá ṣí i, ọ̀rọ̀ lo máa bá: Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ibi tí orúkọ ìlú ti wá.

Ojú ewé àkọ́kọ́, Ràfíátù fúnra rẹ̀ ló ronú rẹ̀. Ó ní ká fi léèsì ṣe férémù, ká fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Faransé àti Yorùbá: "A kò mọ ojú rẹ̀. A mọ ohun tó ṣe."

Lọ́jọ́ Ajé, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì. Olùkọ́ béèrè ìdí tí férémù fi ṣófo. Ọmọ mi ò parọ́. Ó ní ojú ọba mìíràn lòun kọ́kọ́ lẹ̀ síbẹ̀, àgbà kan ló tọ́ òun sọ́nà. Olùkọ́ wá yíjú sí àwọn tó lẹ fọ́tò ayaba, ó ní níbo ni wọ́n ti rí i? Wọ́n ní orí kọ̀ǹpútà ni. Ọmọkùnrin tó rẹ́rìn-ín ọjọ́ yẹn wá ṣí ilẹ̀kùn aṣọ pupa náà, ẹ̀ẹ̀mẹta!

Máàkì mẹ́rìndínlógún nínú ogún ni Ràfíátù gbà. Àṣìkọ Faransé ló gbé ìyókù lọ.

Ohun tí mo kọ́ rèé: bí ẹ ò bá mọ nǹkan, ẹ má fi irọ́ dí àlàfo rẹ̀. Ẹ lọ bá àgbà nígbà tí ẹnu ṣì wà láti fi sọ ọ́. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni lé ọmọ yín kúrò nídìí orírun rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni ọmọ yín gbé wálé tó sọ ẹ̀yin òbí di akẹ́kọ̀ọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á!