Kí Màámi Tó Lè Dá Dìde

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná. Ẹni tó ń se oúnjẹ tà ní àdúgbò Noman's Land ní Kánò níbí láti ìdájí, tó tún ń fa ìyá rẹ̀ dìde lórí àga nírọ̀lẹ́, kò lè purọ́ fún ẹ̀yìn rẹ̀.

Inú balùwẹ̀ ni Màámi ti yọ̀ ṣubú, tí eegun ìbàdí wọn fi kán. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ó ní eegun á jinná, ẹsẹ̀ wọn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù, pé iṣan ibẹ̀ ti joro tipẹ́ kí wọ́n tó ṣubú. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nílé. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé wọn kì í ṣe nǹkan kan! Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ títa nǹkan ní ọjà Singer, èmi ni mò ń pọn omi ìwẹ̀ wọn, èmi ni mò ń gbé abọ́ wá síwájú wọn. Ọmọ gidi ni gbogbo ìjọ ń pè mí. Dókítà kàn mi orí. Ó ní tẹ́lẹ̀, àwọn náà máa ń ní kí arúgbó tó bá ṣẹ́ eegun sùn jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ìwádìí ayé ìsinsìnyí ti yí i padà: kí wọ́n tètè dìde, kí wọ́n máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà dáadáa.

Bọ̀dá mi pè láti Ọ̀fà tí í ṣe ìlú wa. Wọ́n ní bí Màámi kò bá lè dá rìn títí di Àjíǹde, àwọn á wá fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé. Ilé wo? Kánò ni Màámi ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo wa sí, ibẹ̀ la sin bàbá wa sí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ.

La bá bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, ẹ dìde."

"Ó ń dùn mí."

"Mo mọ̀. Ẹ dìde."

Wọ́n á di apá àga mú, wọ́n á máa gbọ̀n. Ibẹ̀ làwọn ìyá ìjọ á ti wọlé: "Háà! Sannu, Mama, ẹ pẹ̀lẹ́! Ẹ jókòó jàre! Ìwọ ọmọ yìí, o ò tiẹ̀ lójú àánú!" Wọ́n á ti tìmùtìmù sí Màámi nídìí, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n lọ jókòó sílé ọkọ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Sunday, àmọ́ mi ò kábàámọ̀ rárá.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá mi dé, Màámi dá dìde. Wọ́n fi ọ̀pá rìn kọjá pálọ̀, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n padà. Mo pariwo, mo jó.

"Bọ̀dá, ẹ ti rí i! Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wa mọ́tò yín padà."

Màámi rọra jókòó. Wọ́n ní kí n lọ kó ẹrù àwọn wá.

"Màámi, ẹ ti ń rìn ná! Kò sẹ́ni tó máa gbé yín lọ mọ́."

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n lọ sílé. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n gbé mi wọ̀lú bí òkú ni."

Mo wọ yàrá lọ ká aṣọ wọn. Bọ̀dá mi ní àwọn á bá mi ṣe é. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi mí sílẹ̀.