Píìnì Etí Ìró Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n ń rán lọ pọn omi láìbi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, ooru kan mú ìyá mi nílùú Ìlá tí kì í ṣe ooru oòrùn. Àìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pa ṣílè tì ni, tí àwa ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ná náírà. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, nítorí pé ooru náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kun àtíkè láti orí dé ẹsẹ̀, yóò dá yín mọ̀.

Obì gbànja ni ìyá mi ń tà. Yóò lọ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ọ̀rà àti Òkè-Ìlá, yóò bó o, yóò fọ̀ ọ́, yóò kó o sínú agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́, títí ọkọ̀ àwọn Gàm̀bàrí tó ń rà á yóò fi dé. Obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó máa ń làágùn. Bí ẹ bá dì í pa kó tó làágùn tán, yóò jẹrà. Bí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ síbì kan láìyẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò yóò wọ̀ ọ́. Yàrá tí a ń kó obì sí ní ẹ̀yìnkùlé ló tutù jù nínú gbogbo ilé wa, nítorí ewé tútù tó wà níbẹ̀. Ẹ fi yàrá yẹn sọ́kàn.

Èmi nìkan ló kù lọ́wọ́ ìyá mi. Ọkùnrin méjì ló ti bí ṣáájú mi, ó sì sin àwọn méjèèjì. Ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ lé e bí ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀léra bí ẹni tó ń ya àgbàdo lóko. Kì í ṣe obìnrin burúkú o. Ẹnu rẹ̀ ló kàn mú, bóyá lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ tèmi.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyá mi kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Èmi kò mọ̀ nígbà náà, ta ni yóò sọ fún mi? Ohun tí mo rí kò ju pé ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú píìnì kan, ó fi há etí ìró rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Nílùú wa, aboyún kì í rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí àwọn ohun tí a kò lè fi ojú rí má baà ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Bí ó bá di dandan kó jáde, yóò so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ etí aṣọ, tàbí kó fi píìnì há a. Ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu kéde oyún. Píìnì ló ń kéde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo agbo ilé ti rí i. Wọ́n ń fi ẹnu kí ìyá mi, wọ́n ń fi ojú kí ikùn rẹ̀.

Ìyàwó ni kò lè pa á mọ́ra.

"Ìyálé mi, ẹ máa rọra gbé ẹsẹ̀ o. Tiyín pẹ́ kó tó dé, ẹ má jẹ́ kó já bọ́ lójú ọ̀nà."

Ìyá mi ní, "Kó pẹ́ kó tó dé dára ju kó tètè dé kó máa tọ̀ sórí ẹní."

Àkọ́bí ìyàwó ń tọ̀ sórí ẹní títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìyàwó gan-an rẹ́rìn-ín. Ayé dùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Nítorí píìnì yẹn ni mo ṣe kúrò nílé-ìwé. Ìwé kẹrin ni mo wà. Ìyá mi kò gbọ́dọ̀ rìn lọ́sàn-án mọ́, ọ̀sán gan-an ni àwọn oníbàárà sì ń pọ̀ lọ́jà. Orí mi ni agbọ̀n bọ́ sí. Tíṣà wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ, wá béèrè mi nílé.

"Màmá, ọmọ yín mọ ìṣirò o."

"Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó bá mi tajà."

"Ìgbà wo ni yóò padà, mà?"

"Bí a bá ti sọ àbúrò rẹ̀ lórúkọ, tíṣà, lọ́jọ́ kejì ẹ ó rí i lẹ́nu ọ̀nà yín."

Mo fi aṣọ wé sílétì mi, mo tì í sábẹ́ ibùsùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù. Inú ìyá mi ń dùn nítorí ọmọ. Inú tèmi ń dùn nítorí ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ. Ẹ wo irú ọmọ tí mo jẹ́. Mo ń gbàdúrà fún àbúrò tí mi ò rí, kó ṣáà tètè dé kó wá gba agbọ̀n lórí mi.

Ooru náà wá gbéra. Ìyá mi a máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, lójijì ojú rẹ̀ á pọ́n, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀, á tú gèlè, á máa wá abẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí iná ń jó. Kí á tó rí abẹ̀bẹ̀, ó ti kọjá, òtútù ni yóò wá máa mú un. Ìyàwó ní, "Ìyálé mi, ṣé a kò ṣèèṣì bó yín mọ́ obì ni? Ẹ̀ ń làágùn o." Ìyá mi rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, omi ojú náà kò dúró.

Oorun sá fún un. Á ní kí n lọ mú ohun tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kan, ó ju ọmọrogùn lu ògiri nítorí pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi pọ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ó ń bẹ̀ mí. Ìyá mi tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bí àyà rẹ̀ bá ń já, bí ooru bá dé, inú yàrá obì ló ń sá lọ. Á jókòó sórí ilẹ̀, á fi ẹ̀yìn ti agbọ̀n, á fa ewé tútù yọ, á tẹ́ ẹ sí ọrùn. Èmi ni mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, mo ní ó ń ṣa obì.

Àwọn obìnrin agbo ilé ní ọkùnrin ló wà níbẹ̀, pé oyún ọkùnrin ló máa ń gbóná báyẹn. Ìyá mi gba èyí gbọ́ ju Bíbélì lọ.

Ní oṣù karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ dé. Ìdí àtẹ wa lọ́jà ni ìyá mi wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó mú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, bí ìgbà tí ìkòkò omi fọ́. Mo rí i lára ìró rẹ̀ kó tó mọ̀. Mo tú ìborùn mi, mo ró o mọ́ ọn, mo sì rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí délé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ẹ̀yin yóò ní gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Ẹ ò mọ àwọn èèyàn mi. Ikùn rẹ̀ ṣì wú, ooru ṣì ń mú un, àwọn obìnrin bá pé jọ, wọ́n ní oyún náà kò bàjẹ́ rárá, pé ó kàn sún sẹ́yìn ni. Ẹ̀yìn tòótọ́ o, ẹ̀yìn tí a fi ń pọn ọmọ. Wọ́n ní oyún mìíràn a máa lọ fara pamọ́ síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa gba iwájú kọjá, ọmọ á sì dúró títí yóò fi wù ú láti padà. Ọ̀kan ní obìnrin kan wà ní Ire tí tirẹ̀ lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn. Mo bi í pé ilé ta ni ní Ire. Ó ní kí n lọ ṣa obì.

Ìyá mi fọ ìró náà, ó sá a, ó gbẹ, ó sì tún fi píìnì há etí rẹ̀.

Ọdún kan kọjá, èkejì wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ń wá nígbà tó bá wù ú, oṣù méjì kò ní wá, ó sì lè wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan. Ó mu àgbo, ó mu omi àdúrà. Ìyá ìjọ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn dípò ikùn, ó ń pàṣẹ pé kí ọmọ náà padà síwájú, mo sì ń fi ìka há ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín nínú ilé Ọlọ́run. Nígbà tó yá, a lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ kàn án títí, ó ní, "Màmá, kò sí ọmọ níbí. Ara yín ló ń dáwọ́ ọmọ bíbí dúró díẹ̀díẹ̀. Gbogbo obìnrin ló ń dé ibẹ̀."

"Ọmọ mélòó lo bí, ìwọ?"

"Mi ò tíì bí, mà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

A dìde, a lọ. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé àbúrò kankan kò sí níbi kankan, níwájú tàbí lẹ́yìn. N kò sọ ọ́. Mo fa sílétì mi yọ, mo fi fún àkọ́bí ìyàwó.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń gbé lóko, ló wá tú u. Ó wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá ìyá mi nínú yàrá obì pẹ̀lú ewé lọ́rùn. Ó rọra jókòó tì í, ó fi ẹ̀yìn tirẹ̀ náà ti agbọ̀n.

"Ibí yìí tutù," ó ní. "Nígbà tèmi, ìdí àmù omi ni mo máa ń jókòó sí."

"Ìgbà tiyín wo, mà?"

"Ìgbà tí irú ooru yìí mú mi. Ọdún mẹ́rin ni. Lẹ́yìn ẹ̀, ó lọ. Kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn rẹ, ìyàwó wa."

Ìyá mi ní, "Ẹ rí píìnì lára mi láti èṣí."

"Mo rí i."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ fún èmi náà? Inú rẹ dùn. Ẹnu wo ni kí n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

Mo rò pé ìyá mi yóò bú u. Agbọ̀n tó fẹ̀yìn tì ló wá yíjú sí. Ó ti gbàgbé agbọ̀n náà síbẹ̀ ó pẹ́, bó ṣe ń gbàgbé nǹkan gbogbo nígbà náà. Ó ṣí ewé, ó mú obì kan, ó rí ihò lára rẹ̀. Ó mú òmíràn, ihò. Ó na ọwọ́ sí etí ìró rẹ̀, ó yọ píìnì náà, ó ṣí ẹnu píìnì, ó kì í bọ inú ihò obì, ó sì fa kòkòrò jáde. Ó gbé obì yẹn sílẹ̀, ó mú èkejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń na obì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe agbọ̀n náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nígbà tó kù díẹ̀, ìyá mi bi mí láìgbójú sókè pé, "Tíṣà yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn."

"O ṣì rántí ìṣirò?"

"Mo rántí ti obì."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dára létí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ ìwé kẹfà nígbà yẹn, ta ló fẹ́ lọ jókòó sáàárín ọmọ kékeré pẹ̀lú àyà tó ti ń yọ?

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rí etí ìró tí kò ní nǹkan kan lára. Mo ń retí ẹnu rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ló lọ mú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyálé rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ.

Ìyá mi pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà, ooru náà sì tán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe sọ. Kò dárúkọ rẹ̀ fún mi títí ó fi kú. Nígbà tí ó kàn mí, nídìí àtẹ ni ó ti ká mi mọ́, mo sì sọ fún oníbàárà mi pé kó dúró ná, iná ń jó mi, yóò kú láìpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ra ohun tí kò fẹ́ rà. Lónìí, ọmọbìnrin mi ń pè mí lórí fóònù láti Ìbàdàn, ó ń ròyìn ooru tirẹ̀ fún mi bí ẹni ń ròyìn ilé ayálégbé, dókítà ti bá a sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ti ra fáànù. Mo ń gbọ́, mo ń dáhùn, lẹ́yìn náà mo máa ń jókòó fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Mo ṣì máa ń rí píìnì létí aṣọ àwọn obìnrin nígbà mìíràn lọ́jà. Bí ẹni náà bá kéré, mo máa ń wúre fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Bí ó bá ti dàgbà díẹ̀, mo máa ń fà á súnmọ́ra, mo máa ń bi í bóyá dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ojú mi le, pé n kò fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni dùn. Mo ń gbọ́ wọn. Inú ìyá mi dùn fún ọdún méjì, gbogbo ilé sì ń wò ó.