Ìhà Òsì Tí Kò Gbéra

Ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ pe ọkọ mi láti inú yàrá. Àlàó lásán ni orúkọ rẹ̀, kò gùn, síbẹ̀ èémí mi kò gbé e parí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mò ń ti ìlú Ara bọ̀ ní Ẹdẹ, níbi tí à ń gbé. Tíṣà ni mí ní Ara. Ayé ìjọba ológun ni, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù la sì ń wọ̀. Ọkọ̀ wa já sí kòtò, àyà mi gbá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbọn aṣọ mi, mo ní kò ṣe nǹkan.

Àṣé ó ṣe. Bí mo bá ti fa èémí sínú, á dà bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi níhà, ìrora náà á sì gun èjìká. Ìyá ọkọ mi gbé omi gbígbóná àti òrí wá láti fi wọ́ mi. Bí ọwọ́ wọn ṣe kan àyà mi, wọ́n dúró.

"Àlàó, wá wò ó. Ọ̀tún ń gbéra, òsì ò gbéra. Awọ ara rẹ̀ ń dún lábẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni tẹ yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Èyí kì í ṣe ohun tí à ń wọ́. Gbé e lọ ọsibítù!"

"Ìyá, ẹ ò jẹ́ ká wò ó di àárọ̀?"

"Ṣé o fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Ọkọ mi yá alùpùpù aládùúgbò. Ìyá jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n fi apá méjèèjì gbá mi mú.

Èrò kún ibi ìdúró ní ọsibítù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ètè mi ti ń dúdú, wọ́n gbé mi wọlé. Dókítà gbọ́ àyà mi, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀.

"Eegun ìhà yín kan ṣẹ́, ó sì gún ẹ̀dọ̀fóró," ni dókítà wí. "Atẹ́gùn tó ń jò níbẹ̀ ti há sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà. Òun ló tẹ ẹ̀dọ̀fóró náà pa."

Ọ̀dá nǹkan ti mú ọsibítù náà. Wọn kò ní ìgò tó yẹ kí wọ́n lò, nítorí náà nọ́ọ̀sì se ìgò omi dírípù kan, ó sì bu omi mímọ́ sí i. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ amárakú, wọ́n la àárín eegun ìhà mi, wọ́n sì ti ọ̀pá rọ́bà kan bọ ibẹ̀. N ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí dé ọpọlọ. Wọ́n ki ìdí rọ́bà náà bọ inú omi ìgò, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Ó ń hó!" Ìyá pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ń jáde!"

Kí omi náà tó pa rọ́rọ́, èémí mi ti ń gùn sí i. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ gbé ìgò ga ju àyà mi lọ, kí omi má baà padà wọ inú mi. Wọ́n ní kí n máa wúkọ́ kí atẹ́gùn tó kù lè jáde. Mò ń di ìrọ̀rí mọ́ àyà, mò ń fipá wúkọ́, mò ń sunkún, títí híhó náà fi dáwọ́ dúró. Fọ́tò tuntun fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti kún padà. Wọ́n yọ rọ́bà.

Ẹ̀yin tí nǹkan bá gbá láyà, tí èémí yín ń kúrú, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má sùn lé e. Ẹ sáré lọ rí dókítà.

Ara tí mò ń lò láì rò ó, mo ti ń kí i báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi tó mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá odò Ọ̀ṣun, mo dúró láàárín, mo fa atẹ́gùn odò sínú. Ó wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìhà òsì pátápátá, kò sì sí ohun tó dá a dúró.