Wáyà Fírísà Tó Gbé Bàálù Oko Ṣubú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀, kò sọ́mọ tó lè fi bàbá ẹ̀ halẹ̀ mọ́ mi. Bàbá tiwọn ń ru ẹrù ní Kirikiri, tèmi ń bá bàálù ṣiṣẹ́. Bàálù kékeré tó ń fọ́n oògùn kòkòrò sóko ìrẹsì ni, lókè Ọya lọ́hùn-ún. Bàbá mi ló ń dúró létí oko, tí wọ́n á máa ju àsíá funfun, kí páílọ́ọ̀tì lè mọ ibi tó máa gbà. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Páílọ́ọ̀tì.

Tí wọ́n bá wálé, oògùn ló ń rùn lára aṣọ wọn. Bàsíà ọ̀tọ̀ ni màmá mi fi ń fọ̀ ọ́. Èmi á pọn omi, wọ́n á fún mi ní búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà, ẹ rántí eré bàálù wa? Èmi ni alásíá. Lọ́jọ́ tí mo fi ìborùn màmá mi ṣe àsíá, mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè títí apá mi fi kú.

Mánéjà oko yẹn ló bayé jẹ́. Ó fi ọparun fa wáyà iná gba orí oko kọjá lọ sílé ẹ̀, torí kí fírísà ẹ̀ lè tutù. Ẹ má sọ pé Ajégúnlẹ̀ náà ń fa wáyà o. À ń fà á, ṣùgbọ́n bàálù kì í gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé wa. Bàbá mi rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sọ fún mánéjà. Ó ní alásíá kì í bá páílọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀, òun máa sọ fún un. Mánéjà ò sọ fún un.

Nígbà tí bàálù ń bọ̀ nílẹ̀ nílẹ̀, bàbá mi ń ju àsíá bíi wèrè kó lè padà. Páílọ́ọ̀tì rò pé wọ́n ń pe òun ni. Wáyà há mọ́ ẹsẹ̀ bàálù, ó forí gún ẹrẹ̀. Bàbá mi wọnú oògùn tó dà sílẹ̀ lọ fa ọkùnrin yẹn jáde. Ó yè, àmọ́ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Apá bàbá mi bó bí iṣu sísè.

Iléeṣẹ́ tó ni oko pe bàbá mi sí ọ́fíìsì ní Àpápá, èmi àti màmá mi tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá àgbà ní àsíá ló ṣi páílọ́ọ̀tì lọ́nà. Bàbá mi ní, "Sà, mo sọ fún mánéjà nípa wáyà yẹn."

Mánéjà wò wọ́n lójú. "Wáyà wo, bàbá?"

Ó ti tú wáyà kúrò kí ẹnikẹ́ni tó dé oko.

Wọ́n lé bàbá mi. Ní àdúgbò, wọ́n ṣì ń pè wọ́n ní Páílọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń tẹ̀ lé e: "Páílọ́ọ̀tì, bàálù dà?" Bàbá mi ò jókòó síta mọ́.

Lóde òní, dírónù ló ń fọ́n oògùn, kò sẹ́ni tó ń dúró sábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn dáa. Mi ò parí sẹ́kọ́ńdírì, àmọ́ kò sí gírádúéètì tó mọ dírónù wà tó mi. Àwọn mánéjà ni ò yí padà. Ọ̀kan ń pariwo mọ́ mi lọ́jọ́sí pé kí n tètè gbé e sókè, pé kò sí wáyà lóko òun. Mo gbé dírónù sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn yí oko ká. Ó ní òun á wá ẹlòmíì.

Mo ní, "Ẹ lọ wá a. Ẹnu mánéjà nìkan ò tó kí n gbé dírónù sókè."