Wọ́n Ní Ìwé Ń Ba Ilé Ọmọ Jẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn àgbà kan wà ní agbo ilé wa nítòsí Ìgà Ìdúngànràn tí wọn kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ gbogbo ohun tí ìwé ń ṣe fún obìnrin. Ọ̀gá wọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ilé. Ó ní àkàjù ìwé a máa ba ilé ọmọ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá wí. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ku ọdún méjì kó parí. Akọ̀wé lọ́yà kan ní Igbóṣeré ló ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹbí ọkọ wá mú ọjọ́ yìgì, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ná.”

Olórí ilé rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Kí o tó parí, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ á ti di tàdáwà.” Àwọn ìyàwó ilé pàtẹ́wọ́. Ló bá nawọ́ sí mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. “Èyí ńkọ́? Ìwé mẹ́rin péré lòun kà.”

Bí wọ́n ṣe fi mí rọ́pò nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Akọ̀wé tó ń wọ táì gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ẹ má káàánú mi, inú mi dùn. Nígbà tí mo lóyún, mo máa ń rọra kọjá níwájú ẹ̀gbọ́n mi kó lè rí i. Òmùgọ̀ gbáà ni mí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rọbí nílé, torí olórí ilé ní àwọn ará Ìkòyí ló ni ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi já wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní kí ọkọ mi lọ pe takisí. Mo yè é. Ọmọ náà kò yè. Dókítà ní ìdí mi kò tíì gbó tó ọmọ bíbí. Olórí ilé ní àmúwá Ọlọ́run ni. Irú wọn kì í jẹ̀bi. Ọlọ́run ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù.

Ẹ̀gbọ́n mi ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ kó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Mẹ́ta ló bí, mẹ́ta ló tọ́. Èmi bí mẹ́jọ, mo sin mẹ́ta.

Ayé ti yí padà báyìí. Bí àwọn ọmọ-ọmọ olórí ilé bá ń wá ìyàwó, ibi tí ọmọbìnrin kàwé dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Wọ́n ń fi yangàn. Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn bi ọmọbìnrin náà pé ìgbà wo ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ bímọ.