Bí Wọ́n Ṣe Sin Enoch Onípye

Ọjọ́ tí Enoch Barraclough gbé àkàbà kúrò lábẹ́ tíṣà ni gbogbo ìlú Hobthwaite gbà pé agídí ọkùnrin náà ti kọjá ti èèyàn. Páì ẹlẹ́dẹ̀, ẹran inú ìyẹ̀fun yíyan, ni Enoch ń tà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ PYE gàdàgbà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí Enoch rárá ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà pé PIE ni. Tíṣà tuntun dé láti ìlú ńlá, ó ní pátákó yìí ń ba ọmọ iléèwé òun jẹ́. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó gun àkàbà lọ tún un kọ. Enoch jáde. Kò jà, kò bú èèyàn. Ó kàn gbé àkàbà, ó lọ fi í pamọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì padà sídìí káńtà rẹ̀.

"Mísítà Barraclough! Ẹ dákun, ẹ gbé e padà!" Tíṣà ti gun irin pátákó bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó dì í mú gírígírí.

"Ẹ ní sùúrù, tíṣà. Àwọn tó wà lórí ìlà ló ṣáájú yín."

Èèyàn mẹ́rìnlélógún ló wà lórí ìlà, kò sì sí èyí tó kánjú nínú wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n sọ tíṣà kalẹ̀, ó ra pye méjì, ó dúpẹ́, kò sì dárúkọ lẹ́tà kankan mọ́.

Ohùn kan náà ni wọ́n fi ń pe PYE àti PIE o. Ṣùgbọ́n bí Enoch bá ń pe tirẹ̀, á na ọrùn, á fa ohùn, kí o lè gbọ́ lẹ́tà Y náà dáadáa. Ìyáàfin kan láti London bi í bóyá páì lásán kọ́ ni ohun tó ń tà yìí.

"Ó tì o, mà. Páì lẹ̀ ń jẹ ní London. Èyí tí ẹran wà nínú ẹ̀ là ń pè ní pye."

Kì í ta á ní gbígbóná láéláé. Bí pye bá jáde nínú ààrò, ihò kan wà lórí rẹ̀ tí Enoch máa ń da omi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sísè sí. Omi yẹn gbọ́dọ̀ dì di ọjọ́ kejì. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ọ̀kan fún òun lójú ẹsẹ̀.

"Pásítọ̀, ṣé ẹ máa ń sin èèyàn kó tó kú ni? Ẹ padà wá lọ́la."

Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ ká Enoch ni Wilfred Sugden, tó ń ta háàmù, itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ní òdìkejì títì. Wilfred á yọjú lójú fèrèsé: "Onípye tí kò mọ̀wé!" Enoch á dá a lóhùn: "Bó bá jẹ́ iyọ̀ lo fẹ́ máa tà, yọ ẹran kúrò nínú ẹ̀!" Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọn kò fẹ́ rí ara wọn sójú. Wilfred búra níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pé pye Enoch kò ní kan ẹnu òun títí ayé. Enoch náà búra pé háàmù Wilfred kò ní wọlé òun.

Ìbúra yìí ló kó bá Edith, ọmọ rẹ̀ obìnrin, nígbà tí bàbá náà sùn lórí àga ní oṣù Fẹ́búárì tí kò jí mọ́. Ní Hobthwaite, háàmù tí wọ́n ń gbé fún àlejò ìsìnkú ni wọ́n fi ń sin èèyàn iyì. Bí wọ́n bá ti sọ pé "wọ́n fi háàmù sin ín," ó parí, òkú náà kò jìyà.

"Sáré lọ ra háàmù," ni Hannah, àbúrò Enoch, wí. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n ní a sin bàbá ẹ bí ẹni tí kò léèyàn?"

"Àǹtí, bí háàmù Sugden bá wọlé yìí, Bàbá á dìde jókòó nínú pósí."

"Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ nígbà náà?"

"Pye ni."

"Ta ló fẹ́ ṣe é?"

Ọdún méjìlélógún ni Edith fi ń po ìyẹ̀fun, tó ń fọ ìkòkò, Enoch kò sì jẹ́ kó da omi sínú pye kan ṣoṣo rí. Bó bá béèrè ìwọ̀n, bàbá á ní, "Ojú la fi ń wọ̀n ọ́n, ojú tìẹ kò sì tíì là." Oníbàtà kan ti wá wo ṣọ́ọ̀bù náà, ó fẹ́ gbà á. Bí pye bá bà jẹ́ lójú gbogbo ìlú, ojú wo ni Edith fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn mọ́? Síbẹ̀ ó dá iná sí ààrò. Ó ṣe ogójì. Ojú ló fi wọn omi tó dà sí i. "Ẹ̀yin lẹ ò kọ́ mi!" ló kígbe mọ́ òkú inú yàrá kejì, lẹ́yìn náà ló tọrọ àforíjì.

Nígbà tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé, àwọn ìyá àgbà ṣí aṣọ orí tábìlì, wọ́n wo ara wọn lójú. Kò sí háàmù. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Wilfred Sugden wọlé, ó gbé háàmù odidi kan mọ́yà bí ọmọ jòjòló. Ó wo tábìlì títí, ó sì rọra ti háàmù sábẹ́ àga. Ó mú pye kan, ó gé e, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Omi rẹ̀ kéré," ni Wilfred wí. "Síbí kan ló fi dín sí ti bàbá ẹ."

Hannah fò dìde. "Wilfred! Ìwọ tó o búra! Báwo lo ṣe mọ iye omi tó ń wà nínú ẹ̀?"

Ojú bàbá arúgbó náà pọ́n wẹ̀ẹ̀. "Ìyàwó mi ló máa ń rà á ní Sátidé. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Pásítọ̀ di ìdí àga mú kó má baà ṣubú. Edith náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin.

"Bàbá mọ̀, Mísítà Sugden. Àwọn fúnra wọn ló máa ń ṣa èyí tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún ìyàwó yín. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín láéláé."

Wilfred gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Èèyàn burúkú," ló wí. "Èèyàn burúkú gbáà. Ta ni kí n máa wá bú láàárọ̀ báyìí?"

Ọwọ́ ti ń lọ sórí tábìlì látọ̀tún látòsì, ogójì pye ti ń di ogún. Wilfred tún gé òmíràn.

"Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"A ó ṣí," ni Edith wí. "Màá fi síbí kan kún un."